Ìsọ̀rí Kẹta Kì í Fi Ẹnìkan Sílẹ̀

Ṣéènì

Ìdí kẹ̀kẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ náà dé. Mo ti dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀ níwájú ilé wa ní Àrándùn, mo ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ṣéènì padà sórí eyín rẹ̀, epo dúdú ti kùn mí dé ìgúnpá. Mọ́rẹ́ ọmọ mi jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, báàgì ilé ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ka iye ìgbà tí ṣéènì ti já bọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti ka mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, àmọ́ tó bá di ká ka àléébù ìyá rẹ̀, ìṣirò ò ṣòro fún un.

Bàbá ọkọ mi ló ni kẹ̀kẹ́ yẹn kí wọ́n tó kú. Ọkọ mi wà ní Àbújá níbi tó ti ń mọlé, ọdún-ọdún ló ń wá. Èmi ni mo jogún kẹ̀kẹ́. Àràárọ̀ ni mo fi ń gbé Mọ́rẹ́ láti Àrándùn lọ sí ilé ìwé rẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán. Orí irin ẹ̀yìn ló ń jókòó sí, mo máa ń di ìrọ̀rí pẹlẹbẹ kan mọ́ irin náà fún un. Lọ́jọ́ kan ó tòògbé, ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sáàárín sípóòkù. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ bí igbe yẹn ṣe rí. Àpá náà wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dòní. Láti ìgbà náà, iwájú ni mo ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ, ẹ̀yìn ni ojú mi ń wò.

Ibi tí mo ti ń bá ṣéènì jà ni fóònù ti dún. Ràfíà ni, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní girama, tó lọ sọkọ sí Ìlọrin. Ó ní òun ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Mo ní ta ló ń lé wọn. Ó ní kí n dákẹ́ kí n gbọ́. Àbúrò ọ̀kan nínú wọn ti fi kẹ̀kẹ́ kan ránṣẹ́ láti òkè òkun, ó ní ìjókòó ọmọ lẹ́yìn, ìjókòó náà ní bẹ́líìtì, ó sì ní ibi tí ọmọ ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ tí sípóòkù ò fi ní rí i mú. Ẹgbẹ́ ti pinnu pé obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé làwọn máa fún, ẹni tó bá lè bá ìsọ̀rí tirẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ láti Ìlọrin dé Ọ̀mù-Àrán lọ́jọ́ ìrìn ńlá wọn.

"Kí o bá wọn gbéra, kí o bá wọn dé," ni Ràfíà wí. "Òfin tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, kí o fi kọ́ ọ."

Mo wo Mọ́rẹ́. Mo wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nínú ilé kejì sí tiwa ni Ìyá Àgbà ń gbé, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi lobìnrin. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n ní kí n máa lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tó nǹkan, àwọn á mú ọmọ sọ́dọ̀. Mo ní ta ni yóò máa gbé e lọ sílé ìwé. Wọ́n ní ọlọ́kadà kan wà tó ń bẹ̀rù àwọn. Mi ò bèèrè ìdí tó fi ń bẹ̀rù wọn.

Níbi tí wọ́n ti ń fi ìkúùkù kí ènìyàn

Ará ilé, ẹjọ́ Ìlọrin ò sí lọ́wọ́ mi tó bá di ti oúnjẹ. Ràfíà din wàrà lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó bu ata gígún lé e, mo jẹ ẹ́ títí mo fi gbàgbé pé eré ìdárayá ni mo bá wá. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ ni ẹjọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi.

Ní ìdájí Sátidé la bá wọn níwájú ilé epo kan tí wọn ò tíì ṣí. Àwọn àgbàlagbà ọkùnrin, àwọn tí wọ́n ń pè ní Alhájì àti Díákónì, wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ wọn lára bí awọ ẹ̀pà, wọ́n sì rán tìmùtìmù sí ìdí rẹ̀. Akoto wà lórí wọn, dígí dúdú wà lójú wọn, oòrùn ò sì tíì yọ.

Mo kúnlẹ̀ kí ẹni àkọ́kọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni pé mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí ẹnì kejì, ó ń fẹ́ táyà, kò wo òkè. Nígbà tí mo fi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹrin, ọmọbìnrin kan rọra bi Ràfíà pé ṣé orúnkún ló ń dùn mí ni. Bí àwọn ṣe ń kí ara wọn ni pé ẹnìkan á na ìkúùkù, ẹnì kejì á fi tirẹ̀ kàn án. Mo rí i kòrókòró tí ọmọ ogún ọdún fi ìkúùkù kan ti ẹni tó lè bí i lọ́mọ. Mo dúró kí ilẹ̀ lanu. Ilẹ̀ ò lanu.

Mo wá sọ̀rọ̀, èdè Ìgbómìnà jáde, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tiwọn náà, inú ni mo ti rẹ́rìn-ín tèmi, nítorí ilé onílé ni mo wà.

Wọ́n ń fa nǹkan kan mu nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ, wọ́n ní agbára ló wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi lọ́kan. Ó dà bí oògùn ikọ́ tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Mo ní mo ti jẹ ẹ̀bà kí n tó kúrò nílé. Ẹ̀bà ní aago mẹ́fà àárọ̀? Ẹ̀rín mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnìkan ló dá mi lóhùn bí ọmọ ènìyàn. Bàbá Sálíù ni, mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ó bi mí pé ọmọ ìlú wo ni mí, ilé ta ni mo fẹ́, ọmọ mélòó ni mo bí, ta ni mo fi ọmọ náà tì. Lẹ́yìn náà ló kó dàbínù mẹ́ta sí mi lọ́wọ́. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́, nítorí òun ló máa ń kẹ́yìn ìsọ̀rí, tó ń gbá gbogbo ẹni tó bá já sílẹ̀ jọ.

Pẹ̀lẹ́ oríṣi mẹ́ta

Kápútẹ́ẹ̀nì wọn dìde láti là wá lọ́yẹ̀. Ọkùnrin gíga kan ni, ó so aago kékeré kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, aago náà ló ń sọ bí ó ṣe ń sáré tó, ó sì ń wo aago náà ju bó ti ń wo ọ̀nà lọ.

Ó ní ìsọ̀rí mẹ́ta ni àwọn. Ìsọ̀rí Kìíní kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tí táyà rẹ bá jò, ó dìgbà. Ìsọ̀rí Kejì ń dúró ní oríta. Oníkálukú á lọ bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, wọ́n á tún pàdé ní oríta tó kàn. Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí gan-an fún yín. Àwọn alágbára á kọ́kọ́ dé oríta, wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á ṣe àwàdà. Nígbà tí ẹni tó rẹ̀ bá wá dé, tó ń mí bí ajá, wọ́n á dìde, wọ́n á ní ó yá, ká máa lọ. Ẹni tí kò rẹ̀ ló ń sinmi, ẹni tó rẹ̀ ni kì í rí ìsinmi.

Ìsọ̀rí Kẹta ni tèmi. Kápútẹ́ẹ̀nì gbé ọwọ́ lé àyà nígbà tó dé orí rẹ̀. Ó ní, "Ìsọ̀rí Kẹta kì í fi ẹnìkan sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù ni gbogbo wa fi ń rìn. Tí Ìgbálẹ̀ ò bá tíì dé, Ìsọ̀rí Kẹta ò tíì dé."

Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́ sọ pé àmín.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni pé gbogbo wọn, láti ìsọ̀rí kìíní dé ìkẹta, pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pe ìrìn wọn. Tí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ bá sọ fún yín pé òun ò sùn dáadáa, ara òun ò yá, pẹ̀lẹ́ lòun fẹ́ lọ lónìí, ẹ sá fún un. Kí ẹ tó sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ ó máa wò lókèèrè. Mo ti gbọ́ irọ́ àwọn tó ń ta ilẹ̀ rí, mo ti gbọ́ ti àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ aya kejì. Kò sí èyí tó gún régé tó "pẹ̀lẹ́ la ń lọ o" ti àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́.

Àwọn onírun funfun

Sátidé kejì ni mo ṣe àṣìṣe tèmi. Ràfíà ò lè wá, ọmọ rẹ̀ ń gbóná. Mo dé ilé epo, mo bá ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ẹni tó kọ orúkọ sórí. Mo wo wọ́n. Àwọn bàbá márùn-ún kan dúró sápá kan, irun gbogbo wọn funfun, ọ̀kan tiẹ̀ ń na ẹ̀yìn. Ní ọ̀dọ̀ wa, tí ẹ bá ń bá àgbà rìn, ẹsẹ̀ àgbà lẹ ó fi rìn, yálà oko ni o, yálà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ọ̀dọ̀ ibí yìí gan-an lara ti rọ̀.

Ìsọ̀rí Kìíní ni.

Wọ́n fò kúrò nílẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ju òkúta sáàárín ẹyẹlé. Ẹsẹ̀ mi le, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òkè tó wà lọ́nà wa kì í ṣe kékeré, mo sì lẹ̀ mọ́ wọn. Kì í ṣe eré sísá ló pa mí lára, ọmọlúàbí ni. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ máa ń tò sẹ́yìn ara wọn ni, ẹni iwájú á máa la afẹ́fẹ́, tó bá rẹ̀ ẹ́ á ju ìgúnpá, kí ẹni tó tẹ̀ lé e bọ́ síwájú. Bàbá tó wà níwájú mi ju ìgúnpá. Èmi, kí n máa lọ níwájú bàbá? Mo dúró sẹ́yìn wọn. Wọ́n tún ju ìgúnpá. Mo ní ẹ má ṣèyọnu sà, ẹ máa lọ sà. Wọ́n wá kígbe pé kí n kọjá. Mo ní kò burú, àmọ́ ta ló ń ya àgbà sílẹ̀ láì kí wọn? Mo ní ẹ kú ìrìn sà, ẹ kú òógùn sà, ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá ni sà. Kí n tó kí wọn tán, ìlà ti já sí méjì, àwọn mẹ́rin yòókù ti gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n ti di ẹ̀fúùfù. Bàbá náà wò mí, wọ́n mi orí, wọ́n sáré tẹ̀ lé wọn. Àárín ọ̀nà lèmi wà.

Bàbá Ìgbálẹ̀ ló bá mi níbi tí mo jókòó sí lábẹ́ igi, nígbà tí ìsọ̀rí tiwọn ń bọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di igi mú.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "irun funfun kì í ṣe àmì ìsinmi níbí o. Àwọn yẹn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni wọ́n tún ń rò, ju kí wọ́n máa sáré lọ?"

Wọ́n wá kọ́ mi. Wọ́n ní lórí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ kan tí o bá gbé sókè, ó ti tó ìkúnlẹ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo jáde láì wọ bàtà, àmọ́ ní Sátidé kẹta ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n. Mo ń tọ́ka sí kòtò fún ẹni ẹ̀yìn, mo ń bọ́ síwájú tó bá kàn mí, mo sì na ìkúùkù sí Díákónì. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Ọ̀nà Àjàṣẹ́ dé Ẹ̀sìẹ́

Ọjọ́ ìrìn ńlá pé. Kápútẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀ ló máa ṣáájú Ìsọ̀rí Kẹta lọ́jọ́ náà, nítorí ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ní oṣù yẹn. Màdáámù ni gbogbo wọn ń pè é. Akoto rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti ìgò omi rẹ̀, àwọ̀ kan náà ni wọ́n. Èmi wọ síkẹ́ẹ̀tì lé ṣòkòtò tí wọ́n yá mi lórí, mo sì gun kẹ̀kẹ́ tí ẹgbẹ́ yá mi.

Títí dé ìgbà tí òkè bẹ̀rẹ̀ ká tó wọ Àjàṣẹ́, kò sí wàhálà. Níbi òkè ni Màdáámù gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Mọ́tò kan ń tẹ̀ lé wa tó ń gbé omi àti àtíkè Màdáámù. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí mọ́tò, wọ́n gbé òun náà sínú rẹ̀, amúlétutù ń fẹ́ sí i. Kó tó di pé a wọ Òrò, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ti tún pàǹkéèkì lé, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ní òkè yẹn ò kéré o.

Mo bi Ràfíà pé ṣé ìyẹn ò tíì já báyìí. Ràfíà ní mọ́tò ń bá ìsọ̀rí lọ, ẹni tó bá wà nínú mọ́tò náà wà nínú ìsọ̀rí. Mo ní ó yé mi. Kò yé mi.

A sinmi ní Òrò. Wọ́n tún mú ọ̀rá oògùn ikọ́ wọn jáde. Ìyá kan ń sun iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, iṣu tuntun, mo ra ẹyọ kan, mo fi epo jẹ ẹ́. Kápútẹ́ẹ̀nì kìlọ̀ pé iṣu á wúwo sí mi nínú. Nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí wa ni Díákónì na ọwọ́ sí mi, mo sì bù fún un. Alhájì náà na ọwọ́. Báyìí ni Ìsọ̀rí Kẹta ṣe jẹ iṣu ní ìkọ̀kọ̀ bí ọmọ iléèwé.

Ní Ẹ̀sìẹ́, Kápútẹ́ẹ̀nì ní ká yà síbi àwọn ère òkúta, ìṣẹ́jú méjì péré, ká ya fọ́tò. Màdáámù ní akoto ti ba irun òun jẹ́. A dúró kó tún irun ṣe. A dúró kó yọ dígí, a dúró kó tún un wọ̀. Àwọn ère yẹn jókòó síbẹ̀ láti ayébáyé, wọ́n ń wo iwájú. Ó dá mi lójú pé wọ́n ti rí ọ̀pọ̀ àlejò, àmọ́ wọn ò tíì rí ìṣẹ́jú méjì tó gùn tó báyẹn.

Àrándùn

Ibẹ̀ sí Àrándùn ò jìnnà. Mo wà láàárín ìlà, ẹsẹ̀ ò dùn mí, èémí mi balẹ̀. Mo ti ń ro ibi tí n ó máa gbé kẹ̀kẹ́ tuntun sùn sí nínú ilé, kí òjò má baà pa á.

A yọ sí ìlú. Mo rí wọn lókèèrè. Ìyá Àgbà dúró létí ọ̀nà, ìborùn wọn wà léjìká. Mọ́rẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú aṣọ ọjọ́ Ìsinmi rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi, ó ń wo ife náà kó má baà dà.

Mo fọwọ́ tẹ búrékì. Mo yà kúrò nínú ìlà, mo gbé kẹ̀kẹ́ sùn sínú koríko, mo sì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú akoto lórí.

Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí kí mi bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n kí. Wọ́n bèèrè Ràfíà, wọ́n bèèrè ọkọ Ràfíà, wọ́n bèèrè ọmọ Ràfíà tí ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n kì mí ní oríkì ilé ọkọ mi, wọ́n gbàdúrà fún ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, wọ́n gbàdúrà fún ti òsì. Lẹ́yìn mi mo gbọ́ tí Kápútẹ́ẹ̀nì ń lu agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Mọ́rẹ́, a ò ní lè dúró o." Lẹ́yìn ìyẹn mi ò gbọ́ agogo mọ́.

"Màmá," ni Mọ́rẹ́ wí, "wọ́n ti ń lọ."

Mo ní mo mọ̀. Mo gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mu ún tán.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹnìkan ṣoṣo ló kù lójú ọ̀nà. Bàbá Ìgbálẹ̀ ti gbé kẹ̀kẹ́ wọn ti ògiri, wọ́n ń kí Ìyá Àgbà bí ẹni pé àwọn méjèèjì ti mọra látilẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, kí wọ́n máa lọ. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe níwájú, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn niṣẹ́ àwọn.

Ọ̀mù-Àrán

A sáré. Ẹni tó bá sọ pé mi ò sáré lọ́jọ́ náà purọ́. Mo la afẹ́fẹ́ fún Bàbá Ìgbálẹ̀ láti Àrándùn dé Ọ̀mù-Àrán láì ju ìgúnpá lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì rí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a fi dé, wọ́n ti ya fọ́tò ìparí, wọ́n ti ṣí kúlà, Díákónì ti bọ́ bàtà.

Mo kúnlẹ̀. Mo ṣàlàyé pé Àrándùn ni ilé ọkọ mi, pé ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ló dúró létí ọ̀nà, pé ní ọ̀dọ̀ wa ìyàwó ilé kì í wà lórí nǹkan gígùn kó fi ọwọ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kápútẹ́ẹ̀nì gbọ́ mi dé ìparí. Ẹ ò ní rí ọkùnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ jẹ́jẹ́ tó ẹni tó ti dá a tán.

Ó ní, "Àṣà dára. Àmọ́ táyà yín ò jò, ṣéènì yín ò já, kò rẹ̀ yín. Ìsọ̀rí ò fi yín sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ fi ìsọ̀rí sílẹ̀."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nígbà tí ẹ dé, ṣé Ìgbálẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín?"

Ó ní rárá.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé tí Ìgbálẹ̀ ò bá tíì dé, Ìsọ̀rí Kẹta ò tíì dé. Ìsọ̀rí Kẹta ló ń kí yín yìí sà. Àwa méjì ni. Mi ò mọ ìsọ̀rí tí ẹ̀yin bá wá."

Díákónì pàtẹ́wọ́, ó wá rántí ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ẹnu. Kápútẹ́ẹ̀nì wo aago tó wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé èsì wà níbẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ á jókòó lé e. Ìgbìmọ̀ jókòó lóòótọ́, lábẹ́ igi máńgòrò, òun ni alága. Wọn ò pẹ́ tó bí a ṣe pẹ́ nídìí fọ́tò Ẹ̀sìẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n ní obìnrin tuntun tó bá ìsọ̀rí rẹ̀ gbéra tó sì bá wọn dé ni Màdáámù. Ẹni tó wọ mọ́tò gun òkè Àjàṣẹ́ bá wọn dé. Ẹni tó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ já.

Ràfíà bú sẹ́kún, àfi bí ẹni pé òun ló jìyà. Èmi ò sunkún. Mo ń ronú ohun tí n ó sọ nílé.

Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà jáde láti inú mọ́tò. Ó dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Màdáámù yí i po lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ìjókòó ẹ̀yìn yìí ò bá a mu, àbígbẹ̀yìn òun ti wà ní yunifásítì, kí wọ́n bá òun yọ ọ́ sọnù. Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, Bàbá Ìgbálẹ̀ ti mú sípánà jáde nínú àpò. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n bi í lẹ́ẹ̀mejì níṣojú ẹgbẹ́ pé ṣé kò nílò rẹ̀ mọ́. Ó juwọ́ pé kí wọ́n gbé e lọ. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn pọn ọmọ, wọ́n gun kẹ̀kẹ́, wọ́n yíjú padà sí Àrándùn.

Títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi wà nídìí ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ wa. Wọ́n wá irin, wọ́n tẹ irin, wọ́n dè é. Wọ́n gé ṣéènì kúrú díẹ̀, wọ́n ní ó ti gùn jù láti ọjọ́ yìí wá, òun ló fi ń já bọ́. Ìyá Àgbà gbé iyán fún wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá á wúwo sí wọn nínú.

Ọ̀nà ilé ìwé

Ó ti di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé báyìí ní Àrándùn. Wọ́n ń ní ìyàwó tó mọ ilé ọkọ nìyí, ó fi kẹ̀kẹ́ òyìnbó sílẹ̀ kó lè kúnlẹ̀ fún àgbà. Bí mo bá ń kọjá, àwọn ìyá ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ń bá tèmi lọ.

Ohun kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́yìn ọmọ mi. Lálẹ́ tó ṣáájú ìrìn ńlá, Ìyá Àgbà pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé ìdíje ni, àwọn ò ní torí ìkíni gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n ní tí n bá dé Àrándùn, kí n má sọ̀ kalẹ̀ o, kí n gbé ọwọ́ sókè, àwọn á ti mọ̀ pé mo kí àwọn. Mo ní mo gbọ́ mà.

Ọjọ́ Ajé, mo gbé Mọ́rẹ́ sínú ìjókòó rẹ̀. Mo de bẹ́líìtì, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ ibi tí wọ́n ń ki í bọ̀, a gbéra. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mi ò bojú wẹ̀yìn. A ti rìn díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ará ilé ń sọ pé torí pé mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà ni wọn ò fi fún wa ní kẹ̀kẹ́ tuntun. Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dúró. Mo fi ẹsẹ̀ tilẹ̀, mo yíjú sí i. Mo sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi fojú kàn án, pé mo ti kọ́ ọwọ́ gbígbé sókè dáadáa, mo mọ̀ ọ́n, n bá sì gbé e sókè kọjá lọ ká ní Ìyá Àgbà nìkan ló dúró síbẹ̀. Àmọ́ mo rí ẹnìkan tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife omi.

Mo ní, "Ìyá Àgbà ni mo kúnlẹ̀ fún. Ìwọ ni mo sọ̀ kalẹ̀ fún."